Làkúrègbé Orúnkún: Bí Àgbàlagbà Ṣe Lè Bẹ̀rẹ̀ Eré Ìdárayá

Ìyá tó ń jókòó ta ẹja lórí àpótí láti àárọ̀ ní ọjà Olúwo, Ẹ̀pẹ́, tí orúnkún sì ń ro, bí ẹ bá dárúkọ eré ìdárayá fún un, á ní: “Èyí tó ti jẹ yìí, ẹ fẹ́ kí n lò ó tán ni?” Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló gbà pé ìsinmi ni oògùn rẹ̀. Ìsinmi àsinmijù gan-an ló ń dá kún un. Kèrékèré tó bo orí eegun kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀. Omi oríkèé ló ń bọ́ ọ, ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ń ká tó ń nà ni omi náà sì ń wọ inú rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá jókòó sójú kan, iṣan iwájú itan á joro, ẹrù ara á wá wọ orúnkún lọ́rùn.

Ẹ fi àpótí sílẹ̀, ẹ gbé àga tó ga ti ògiri kó má baà yẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ na ẹsẹ̀ kan kó gún, ẹ fún iṣan itan pọ̀, ẹ ka ení dé àrún, kí ẹ tó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́.

Dídìde lórí àga ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú títí imú yóò fi dé ọ̀kánkán ọmọ ìka ẹsẹ̀, ẹ wá dìde láìfọwọ́ti nǹkan. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ ká aṣọ lé àga kó ga sí i. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn ju ara sílẹ̀ gbì bó bá ń jókòó: ẹ rọra jókòó ni, torí ìrọra-jókòó wà lára ohun tó ń fún iṣan lágbára. Kí orúnkún má ṣe wọnú sún mọ́ra wọn, ẹ má sì sé èémí, pàápàá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ẹ fi ẹ̀ẹ̀márùn-ún bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹ máa fi kún un dé mẹ́wàá.

Yóò dùn yín o. Dídùn yẹn nìkan kò ní ká sọ pé ó ń bàjẹ́ sí i. Bí ẹ bá wọn ìrora náà láti 0 (kò dùn rárá) dé 10 (ìrora tó le jù), tí kò ju 5 lọ, tó sì ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ẹ máa bá a lọ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dín iye rẹ̀ kù sí ìdajì; ẹ má pa á tì.

Ẹ fi ìṣẹ́jú 10 rìn lórí títì tó tẹ́jú. Ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń ro ni kí ọ̀pá wà. Ẹni tí kò lè foríkanlẹ̀ lè kírun lórí àga. Ẹ̀sìn gbà á láyè.

Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí ìyàtọ̀ tó hàn, àmọ́ ọ̀pọ̀ ti ń sá kó tó dìgbà náà, torí wọ́n rò pé á ṣiṣẹ́ kíá bí oògùn ara ríro. Èyí tí wọ́n ń kiri nínú ọkọ̀ yẹn lè dá ọgbẹ́ inú síni lára, kó sì ba kídìnrín jẹ́.

Orúnkún tó wú, tó gbóná, tí ibà sì wà níbẹ̀, tàbí tí kò ṣeé tẹ̀ mọ́ lójijì, kì í ṣe ti eré ìdárayá: ẹ gbé e lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ náà.