Ewé ló ṣiṣẹ́ ni, àbí ẹtánọ́ọ̀lù? Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ níbi ìdánwò ewé ní láàbù

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan sáré wọlé lọ́jọ́ kan, ó gbé àwo agar, oúnjẹ dídì tí a fi ń gbin kòkòrò àrùn, lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. "Mà, ó ti ṣiṣẹ́! Efinrin pa Staphylococcus!" Mo gba àwo náà, mo gbé e síbi iná. Lóòótọ́, yíká ihò tó da oje efinrin sí, ojú agar mọ́ kedere, kòkòrò àrùn kankan kò hù níbẹ̀. Rúlà wí pé mìlímítà 14. Mo ní kí ló fi pò ó. Ó ní ẹtánọ́ọ̀lù ni, ọtí líle tí à ń lò ní láàbù. Ihò tí o da ẹtánọ́ọ̀lù lásán sí dà? Ọmọ dákẹ́. A tún un ṣe. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹtánọ́ọ̀lù lásán ti fún wa ní mìlímítà 13.

Èyí ni àṣìṣe tí mo máa ń bá pàdé jù lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ewé ṣe pírójẹ́ẹ̀tì. Ẹ má da oje ewé sínú ihò láìjẹ́ pé ohun tí ẹ fi pò ó ní ihò tirẹ̀, ní ìwọ̀n kan náà, lórí àwo kan náà. Ẹtánọ́ọ̀lù tí ẹ fi rẹ ewé, ẹ jẹ́ kó gbẹ tán pátápátá. Ojú lásán kì í mọ̀ ọ́n, òṣùwọ̀n ló ń mọ̀ ọ́n: ẹ wọn oje gbígbẹ náà, ẹ tún un wọ̀n lọ́jọ́ kejì, títí nọ́ńbà kò fi ní yí mọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi díẹ̀ nínú DMSO, omi kẹ́míkà tó ń yọ́ nǹkan, yọ́ ọ, kí DMSO pàápàá sì ní ihò tirẹ̀.

"Oje ewé mi lágbára ju ciprofloxacin lọ." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé kọ gbólóhùn yìí. Oògùn apakòkòrò ni ciprofloxacin, máíkírógíráàmù 5 péré rẹ̀ ló sì wà nínú díísìkì, bébà róbótó tí à ń lò. Ẹ̀yin po oje yín ní mìlígíráàmù 100 sí mìlílítà kan, ẹ da ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlílítà sínú ihò. Máíkírógíráàmù 10,000 nìyẹn, ìlọ́po 2,000 ti inú díísìkì. Bí ẹni 2,000 bá jùmọ̀ ti ẹnì kan ṣubú, ta ni yóò pè wọ́n ní akọni? Fífẹ̀ ojú mímọ́ náà kò sì sọ agbára tán, nítorí ohun tó bá ń yọ́ nínú omi á rìn jìnnà nínú agar, èyí tó bá jẹ́ òróró á dúró sójú kan bó ti wù kó le tó.

MIC ni kí ẹ wá, ìyẹn ìwọ̀n tó kéré jù lọ tí kòkòrò kò fi ní hù nínú túúbù. Bó bá ti ju mìlígíráàmù 1 sí mìlílítà kan lọ, èmi kì í pè é ní agbára. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó: ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tó nǹkan bíi lítà 5. Kí mìlígíráàmù 100, bíi ti inú ihò yín, tó lè wà nínú mìlílítà kọ̀ọ̀kan rẹ̀, oje gbígbẹ ìdajì kílò gbọ́dọ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀ náà tán. Ta lẹ fẹ́ fún mu?

Kòkòrò tí ẹ tẹ́ sórí agar náà ní ìwọ̀n. McFarland 0.5 (òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí omi kòkòrò ṣe ki tó) ni, nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 nínú mìlílítà kan. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́, gbogbo ewé ló máa jọ oògùn. Bí iná bá sì lọ lóru tí inkubétọ̀ tó ń mú àwo móoru tutù, ẹ má fi bò. Ẹ da àwo náà nù, ẹ tún un ṣe.

Ká tiẹ̀ tó dé orí agar, ewé wo lẹ mú wá? Mo ti rí ẹni tó kọ ọ̀dúndún sínú ìwé, tó sì jẹ́ àbámodá ló kó wá láti ọjà. Èèpo igi tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹlẹ́wé ọmọ, kò ní ewé, kò ní òdòdó, kí lẹ fẹ́ fi dá a mọ̀? Ẹ gé ẹ̀ka tó ní òdòdó tàbí èso, ẹ fi ìwé ìròyìn tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ẹ gbé e lọ sí Forest Herbarium (FHI), ilé tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pamọ́ sí, ní Jẹ́ríkò, Ìbàdàn, kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà FHI. Ẹ ṣe é kí ẹ tó lọ ewé. Ewé tó ti di ìyẹ̀fun kò ní ojú mọ́.

Ibi tó dùn mí jù ni bí a ṣe ń yọ oje. Bàbá oníṣègùn ní kí ẹ gbo ó, ẹ̀yin lọ sè é fún wákàtí mẹ́fà nínú Soxhlet, ẹ̀rọ tó ń fi ooru yọ oje, ẹ wá kọ ọ́ pé ewé bàbá kò ṣiṣẹ́. Ṣebí inú "gbo" ni "àgbo" ti jáde? Ohun tó ṣe Tu Youyou àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ṣáínà nìyẹn nígbà tí wọ́n ń wá oògùn ibà. Ewé Artemisia annua ṣiṣẹ́ lónìí, kò ṣiṣẹ́ lọ́la, títí ó fi padà sídìí ohun tí Ge Hong, oníṣègùn àtijọ́, kọ sílẹ̀: rẹ ewé yìí sínú omi, fún un, mu ún. Kò dárúkọ iná. Ní 1971 ó fi éétà, tó ń hó ní nǹkan bíi 35°C, rọ́pò ooru líle, oògùn náà sì jáde. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015.

Nítorí náà, ẹ béèrè dáadáa lọ́wọ́ bàbá: tútù ni àbí gbígbẹ? Omi ni, ọtí ni, àbí omi ògì tó ti kan? Ẹ má fojú di omi ògì yẹn. Kíkan rẹ̀ máa ń sọ alkaloid, èròjà alágbára inú ewé, di iyọ̀ tó ń yọ́ nínú omi, asofẹ́yẹjẹ sì kún fún alkaloid. Efinrin tí ẹ sá sórí páànù nínú oòrùn ọ̀sán títí kò fi ta sánsán mọ́ ńkọ́? Òróró tó ń ta sánsán yẹn gan-an lẹ wá wò, ó sì ti fò lọ. Abẹ́ ìbòòji ni kí ẹ sá a sí, kí ẹ máa yí i kó má bu.

Pípa kòkòrò nínú àwo kò sì tíì di oògùn. Ìsáàlì náà ń pa kòkòrò. Ẹ dán oje yín wò lára sẹ́ẹ̀lì bíi Vero, tí a mú láti ara kíndìnrín ọ̀bọ, kí ẹ rí i bóyá ìwọ̀n tó ń pa kòkòrò kò níí pa sẹ́ẹ̀lì ṣáájú.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi tún efinrin rẹ̀ ṣe, ó sá a síbòòji, ó jẹ́ kí ẹtánọ́ọ̀lù gbẹ tán, ó wá MIC rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mìlígíráàmù 4 sí mìlílítà kan ló bá. Ó wò mí lójú. "Mà, ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.