Bí A Ṣe Lè Yan Láàrin Oògùn Dókítà àti Àfikún Oúnjẹ Nígbà tí Irun Orí Bá Ń Jábọ́

Ẹni tó bá wọ ilé ìtajà oògùn ní Yábàá tàbí ní Ìkẹjà, tó sì sọ pé irun orí òun ń jábọ́, ìhà méjì ni wọn yóò nawọ́ sí fún un. Ní ìhà kan ni oògùn wà, bíi minoxidil tí a ń fi sí awọ orí àti finasteride tí a ń gbé mì. Ní ìhà kejì ni ìgò àfikún oúnjẹ wà, tí àwòrán irun gígùn wà lára wọn, tí biotin, zinc àti oríṣiríṣi fítámì sì wà nínú wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò jọra rárá. Oògùn ń dojú kọ ohun kan pàtó tí kò jẹ́ kí irun hù, ṣùgbọ́n àfikún oúnjẹ ń dí àlàfo ohun tí ara kò ní tó, bí àlàfo náà kò bá sì sí, kò sí ohun tí yóò dí. Nítorí náà, irú irun jíjábọ́ tó ń ṣe yín ni yóò sọ èyí tí ẹ nílò, kì í ṣe àwòrán ara ìgò.

Ẹ kọ́kọ́ wo orí náà fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn fi fóònù ya àtàrí, ìpàkọ́, ẹ̀bátí méjèèjì àti iwájú orí yín níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ sì pa àwòrán náà mọ́ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ yà á. Lẹ́yìn èyí, ẹ mú díẹ̀ nínú irun tó wà lára kóòmù, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Èyí tí kókó funfun kékeré wà ní ìdí rẹ̀ ti tu láti gbòǹgbò. Èyí tí kò ní kókó, tó sì kúrú ju ìyókù lọ, ṣe ni ó já láàrin, ohun tó sì sábà máa ń fa irú èyí ni rìláṣà, iná gbígbóná tàbí fífi ipá ya irun. Irun tó ń já láàrin kò nílò oògùn, kò sì nílò àfikún oúnjẹ. Ohun tó ń já a ni kí ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Bí ó bá jẹ́ iwájú orí àti ẹ̀bátí obìnrin ni irun ti ń ṣí, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń dì í. Irun dídì tó le, àtáṣìmẹ́ǹtì tó wúwo àti gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ wíìgì mọ́ iwájú orí ń fa gbòǹgbò irun lójoojúmọ́ títí tí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Bí orí bá ń dun yín ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ dirí, tí kókó wẹ́wẹ́ sì yọ sí eteetí irun, ara ti ń kìlọ̀ nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, irun náà yóò hù padà bí a bá tú u, tí a sì fún orí ní ìsinmi fún oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ púpọ̀, gbòǹgbò a kú, awọ ibẹ̀ a sì máa dán. Mo mọ̀ pé ojú máa ń ti ọ̀pọ̀ nínú wa láti sọ fún onídìrí pé kí ó má fà á mọ́, pàápàá nígbà tí ó bá jẹ́ àgbà. Ẹ sọ fún un, kódà bí ó bá máa tún ibi tí ó ti dì dé tú.

Èyí tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù lọ ni irun tó ń ṣí ní àtàrí obìnrin, tí ó ń fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí ibẹ̀ a máa yún tàbí kí ó máa ta. Àárín àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ni irú èyí wọ́pọ̀ sí jù. Ìwúlé ń jẹ ojúhò irun lábẹ́ awọ, ó sì ń fi àpá rọ́pò rẹ̀, níbi tí àpá bá sì ti dí, irun kò ní hù níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń ta aṣọ ní Erékùṣù Èkó, lo ọdún méjì lórí hóró biotin àti òróró oríṣiríṣi kí ó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà awọ ara. Dókítà náà rí i pé ìwúlé ṣì wà ní eteetí ibẹ̀, ó fún un ní oògùn tó dá a dúró, ṣùgbọ́n àárín orí rẹ̀ ti di àpá. Kò sí ẹni tó tàn án jẹ. Ohun tí ó ń lò kàn jẹ́ ti àìsàn mìíràn ni. Bí àtàrí yín bá ń ṣí báyìí, ẹ má dúró parí ìgò kankan. Àwọn dókítà awọ ara wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà, ní Èkó.

Bí irun bá ń tu káàkiri orí láìṣí ojú ibì kan pàtó, ẹ ka oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn. Ṣé ẹ bímọ ni? Ṣé ibà líle dá yín dùbúlẹ̀, tàbí ẹ ṣe iṣẹ́ abẹ, tàbí ẹ fi oúnjẹ du ara yín kí ẹ lè tín-ín-rín? Ara a máa fi irun sílẹ̀ lẹ́yìn irú nǹkan báwọ̀nyí, ó sì sábà máa ń dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ láàrin oṣù mẹ́fà. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ àfikún oúnjẹ ti ń gba ìyìn tí kì í ṣe tiwọn: ìyálọ́mọ ra ìgò ní oṣù kẹrin lẹ́yìn ìbímọ, irun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní oṣù kẹfà tàbí ìkeje, ó sì fi ìgò náà han gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí oṣù mẹ́fà bá kọjá tí kò dáwọ́ dúró, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n wo iye irin tí ara tọ́jú pamọ́, tí wọ́n ń pè ní ferritin, kí wọ́n sì wo bí kókó ọrùn tó ń jẹ́ thyroid ṣe ń ṣiṣẹ́. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ pọ̀, bóyá nítorí fáíbírọ́ìdì, lè máa pàdánù irin ju èyí tí oúnjẹ lè dá padà. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé irin kò tó, hóró irin di ìtọ́jú gidi fún un, èyí sì ni ibi tí àfikún ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ lo irin púpọ̀ láìṣe àyẹ̀wò, nítorí pé irin tó bá pọ̀ jù nínú ara ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ti ọkùnrin tí iwájú orí rẹ̀ ń sún sẹ́yìn, tí àtàrí rẹ̀ sì ń pá gẹ́gẹ́ bíi ti bàbá rẹ̀ tàbí àwọn arákùnrin ìyá rẹ̀, yàtọ̀. Hòmóònù kan tí wọ́n ń pè ní DHT ló ń mú kí gbòǹgbò irun rẹ̀ máa kéré sí i, fítámì kò sì lè dá hòmóònù yìí dúró. Minoxidil jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn dókítà rí i pé irun ń hù lára àwọn tó ń gbé e mì, wọ́n sọ ọ́ di omi tí a ń fi sí orí, àjọ FDA, tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, sì fọwọ́ sí i fún ọkùnrin ní ọdún 1988 àti fún obìnrin ní ọdún 1991. Awọ orí tó gbẹ ni ẹ ó fi í sí, kì í ṣe ara irun, kí ẹ sì fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀ kí irun má baà hù níbi tí ẹ kò fẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, irun lè túbọ̀ máa jábọ́, nítorí pé irun ògbólógbòó ń yàgò fún tuntun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pa á tì ní àkókò yìí, wọ́n sì ń pàdánù ohun tí wọ́n ná lé e. Ó tó oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà kí a tó rí iṣẹ́ rẹ̀, bí a bá sì dá a dúró, irun tó mú wá yóò lọ láàrin oṣù díẹ̀. Aláboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú kò gbọdọ̀ lò ó, ẹni tó ní àìsàn ọkàn sì gbọ́dọ̀ bi dókítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Finasteride mílígíráàmù 1, tí FDA fọwọ́ sí fún orí pípá ọkùnrin ní ọdún 1997, ń dín DHT fúnra rẹ̀ kù. Dókítà ni kí ó kọ ọ́ fún yín. Díẹ̀ nínú àwọn ọkùnrin tó ń lò ó máa ń rí i pé agbára ìbálòpọ̀ wọn dín kù tàbí pé ọkàn wọn rẹ̀wẹ̀sì, ẹni tí èyí bá sì ṣẹlẹ̀ sí gbọ́dọ̀ tètè sọ fún dókítà rẹ̀. Ó tún ń mú kí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA, tí a fi ń ṣọ́ àrùn prostate (kókó kan tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin), dín kù sí bí ìdajì, nítorí náà ọkùnrin tó ń lò ó gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó ka èsì rẹ̀, kí wọ́n má baà sọ pé ara rẹ̀ le nígbà tí kò le. Bàbá kan nínú ilé lè máa lo finasteride mílígíráàmù 5 fún prostate. Ẹ má ṣẹ́ hóró rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ láti lò fún orí. Aláboyún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan èyí tó ti fọ́, nítorí ó lè ṣe ọmọkùnrin inú rẹ̀ ní jàǹbá.

Irun tó ṣí roboto bí ojú kọ́bọ̀, tí ibẹ̀ sì ń dán, sábà máa ń jẹ́ pé ara ń bá irun ara rẹ̀ jà. Dókítà lè fún ẹni náà ní abẹ́rẹ́ sí ojú ibẹ̀. Fún èyí tó bá le gan-an, FDA fọwọ́ sí baricitinib, oògùn tí a ń gbé mì, fún àgbàlagbà ní ọdún 2022. Bí ó bá sì jẹ́ orí ọmọdé ló ń ṣí, tí ó ní èépá, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ làpálàpá, ìpara nìkan kò sì lè dé inú irun láti pa á; oògùn tí ọmọ yóò gbé mì ni dókítà yóò kọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí biotin, nítorí òun ni a ń rà jù. Nǹkan bíi máíkírógíráàmù 30 ni ó tó fún àgbàlagbà lójúmọ́, ẹyin, ẹ̀dọ̀, ẹja àti ẹ̀pà sì ní in nínú. Ọ̀pọ̀ ìgò tó wà lórí àtẹ ní máíkírógíráàmù 5,000 tàbí 10,000 nínú hóró kan. Ó ṣọ̀wọ́n kí biotin má tó lára ẹni tó ń jẹun dáadáa. Ní ọdún 2017, FDA kìlọ̀ pé biotin púpọ̀ lè sọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ di irọ́, títí kan àyẹ̀wò tí a fi ń mọ̀ bóyá ọkàn ti farapa. Nítorí náà, ẹ sọ fún ilé àyẹ̀wò pé ẹ ń lò ó. Fítámì A àti èròjà tó ń jẹ́ selenium tó bá pọ̀ jù pẹ̀lú ń mú kí irun jábọ́. Ní ọdún 2008 ní Amẹ́ríkà, àfikún olómi kan tí selenium inú rẹ̀ di ìlọ́po 200 ohun tí àkọlé rẹ̀ wí ṣe ènìyàn 201 ní jàǹbá, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì pàdánù irun. Ẹni tó ń lo ìgò méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ gbọ́dọ̀ ka àkọlé gbogbo wọn, kí ó sì ṣe àròpọ̀ èròjà tó bá wà nínú ju ẹyọ kan lọ.

Ibi tí a ti ń ra oògùn náà ṣe pàtàkì. Ní oṣù kejì ọdún 2025, NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa nítorí ayédèrú oògùn àti èyí tí wọn kò tọ́jú bó ṣe yẹ. Ẹ ra tiyín níbi tí apòògùn wà tó lè dáhùn ìbéèrè, ẹ wo nọ́mbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò parí, ẹ má sì ra èyí tí wọ́n ń polówó nínú dánfó. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ohun tí ẹ ń lò sínú ìwé, títí kan àgbo, kí ẹ fi han dókítà. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ya àwòrán mìíràn ní ibi kan náà, nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà, kí irun sì wà bó ṣe wà nígbà àkọ́kọ́, kí ẹ sì gbé méjèèjì lọ sọ́dọ̀ dókítà.