Ìdí ògiri ni ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́ ti ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òmùwẹ̀

Ẹni tó ń múra ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́ sábà máa ń gbà pé bí apá bá ti le, ó ti bùṣe. Á lúwẹ̀ẹ́ lọ, á lúwẹ̀ẹ́ bọ̀ fún wákàtí méjì, kò ní fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ́ bí a ṣe ń gbéra lórí pèpéle, bí a ṣe ń yí padà àti bí a ṣe ń parí. Bẹ́ẹ̀, ìdí ògiri púùlù ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí ń gba àmì-ẹ̀yẹ lọ́wọ́ ẹni wà.

Èyí tó ń dunni jù ni kéèyàn dáwọ́ dúró kí ọwọ́ tó kan ògiri. Òmùwẹ̀ á na apá síwájú, á máa yọ̀ lọ, á rò pé òun ti dé, omi sì ń dín eré rẹ̀ kù ní gbogbo àsìkò yẹn. Níbi ìdíje Òlíńpíìkì ní Beijing lọ́dún 2008, nínú 100 mítà butterfly (ìlúwẹ̀ẹ́ tí a ti ń ju apá méjèèjì síwájú pọ̀), Milorad Čavić, ará Serbia, ló wà níwájú nígbà tí wọ́n sún mọ́ ògiri. Ó na ọwọ́, ó ń yọ̀ bọ̀. Michael Phelps, ará Amẹ́ríkà, ju apá lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì gbá pátákó aago tó wà lára ògiri: ìṣẹ́jú àáyá 50.58 fún Phelps, 50.59 fún Čavić. Ní Òlíńpíìkì London lọ́dún 2012, Phelps fúnra rẹ̀ ló yọ̀ wọ ògiri nínú 200 mítà butterfly, Chad le Clos, ará South Africa, sì fi ìṣẹ́jú àáyá 0.05 gba góòlù mọ́ ọn lọ́wọ́. Pátákó yẹn kò mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Àfi kéèyàn tẹ̀ ẹ́ kí aago tó dúró. Ẹ má sì gbójú sókè wá ògiri: bí orí bá ti gbéra, ìbàdí á rì, eré á kú.

Àsíá tí wọ́n ta kọjá lókè púùlù wà ní mítà 5 sí ògiri. Ẹ ka iye ìfapá tó ń gbé yín láti abẹ́ rẹ̀ dé ògiri. Eré ìdíje ni kí ẹ fi kà á, nígbà tó ti rẹ̀ yín, torí iye tí ẹ bá kà nígbà tí ẹ ń rọra lúwẹ̀ẹ́ kò ní bá ti ọjọ́ ìdíje mu. Nínú backstroke (ìlúwẹ̀ẹ́ tí a ti ń dojú sókè), ẹni tí kò mọ iye tirẹ̀ á forí sọ ògiri, tàbí kó tètè dojú délẹ̀. Bó bá wá ń tasẹ̀ wá ògiri kó tó yí, wọ́n á fagi lé eré rẹ̀.

Butterfly àti breaststroke (ìlúwẹ̀ẹ́ bí ọ̀pọ̀lọ́): ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ kan ògiri pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà yíyí àti ní ìparí. Kò sí àlàyé tó lè gba ẹni tó fi ọwọ́ kan kàn án sílẹ̀.

Abẹ́ omi ńkọ́? Eré tí ẹsẹ̀ fi ta ògiri ju eré orí omi lọ, nítorí náà ẹni tó sáré yọ orí láti mí ti fi eré ọ̀fẹ́ ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹni tó pẹ́ jù lábẹ́ omi náà ń pàdánù, bí orí rẹ̀ kò bá sì tíì yọ ní mítà 15 nínú freestyle (ìlúwẹ̀ẹ́ tí kálukú ń yan ọ̀nà tó wù ú), backstroke tàbí butterfly, ó ti lòdì sófin. Ẹ yọ ní mítà 6, lẹ́yìn náà ní 8, lẹ́yìn náà ní 10, kí kóòṣì wọn àkókò yín dé mítà 15 nígbà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó yá jù ni tiyín. Ẹ má wo ti ẹlòmíràn.

Lórí pèpéle, ẹ má gbé gbogbo ara síwájú. Lọ́dún 2004, Ian Thorpe, òmùwẹ̀ Ọsirélíà, já bọ́ sínú omi nínú ìdíje àṣàyàn Ọsirélíà fún 400 mítà freestyle, wọ́n sì yọ ọ́. Ìgbà tí Craig Stevens, òmùwẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, yọ̀ǹda àyè tirẹ̀ ni Thorpe tó lọ gba góòlù ní Òlíńpíìkì Athens. Ẹ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ há etí pèpéle, ẹ fọwọ́ dì í mú, kí ara dúró gbọnin títí aago ìgbéra yóò fi dún.

Èyí tó kù lè gbẹ̀mí: mímí gùlegùle léraléra kéèyàn tó lọ sábẹ́ omi. Kì í fi ọ́síjìn tó ní láárí kún ara. Carbon dioxide, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí a ń mí síta, ló ń lé jáde, òun gan-an ló sì ń kìlọ̀ fún ọpọlọ pé ó yẹ kéèyàn mí. Bó bá ti dín kù, ọ́síjìn lè tán láìsí ìkìlọ̀, òmùwẹ̀ á dákú lábẹ́ omi, bó ti wù kó gbóná tó nínú iṣẹ́ náà. Ẹ sinmi kí mímí yín padà bọ̀ sípò, ẹ mí sínú lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ tó lọ. Ẹ má ṣe ìdánrawò abẹ́ omi ní ẹ̀yin nìkan láé: kí ẹni tó mọ bí a ṣe ń gbani nínú omi dúró létí púùlù, kí ojú rẹ̀ má kúrò lára yín.