Wákàtí mẹ́wàá àkọ́kọ́: bí mo ṣe ń tọ́ ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀tù tuntun

Bí mo bá sọ fún ènìyàn pé ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀tù ni mò ń tún ṣe ní Owódé, nílùú Ọ̀yọ́, ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rín. Wọ́n á ní, "Ọ̀gá, òkun wo ló wà l'Ọ́yọ̀ọ́?" Òkun ò sí lóòótọ́, àmọ́ odò Ògùn ń bẹ. Wọ́n ti sé e ní Ikere Gorge lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn, omi ibẹ̀ sì fẹ̀ débi pé apá ẹni tó bá ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ á ti kú kó tó gúnlẹ̀ lódìkejì. Ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà mi ti ń wá.

Ọ̀kan nínú wọn gbé Yamaha F70 tuntun wá bá mi. Enduro 40 họ́ọ̀sì ló ti ń lò látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, tú-sítúróòkù tó ń mu ọ́ìlì mọ́ bẹntiróò bíi jẹnẹrétọ̀ I-pass-my-neighbour. Tuntun yìí kì í ṣe irú ìyẹn. Fọ́-sítúróòkù ni, bí ọ̀kadà Bajaj: á fa epo àti afẹ́fẹ́ wọlé, á fún un pọ̀, iná á sọ, á lé èéfín jáde. Ọ́ìlì rẹ̀ ní yàrá tirẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ má da ọ́ìlì sínú bẹntiróò rẹ̀ o.

Sílíńdà 4 ló ní, fáàfù 16, 996 sísì. Ó wúwo ju 110 kìló lọ, nítorí náà ẹ wá géńdé mẹ́rin kí ẹ tó sọ ọ́ kalẹ̀ látorí mọ́tò. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni gíà: ẹ́ńjìnnì á yí ní ìgbà 2.33 kí pùròpẹ́là, abẹ̀bẹ̀ irin tó ń ti bọ́ọ̀tù lọ, tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹni tó fi ọ̀kadà sí gíà kìíní láti gun òkè ni. Ìdí nìyẹn tó fi lè yí pùròpẹ́là ńlá, tí ẹrù kì í fi í dá a dúró.

Ọ́ìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀tù máa ń ti inú páálí jáde láìsí ọ́ìlì kankan nínú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti gbé ọwọ́ lé kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ náà kí n tó pariwo mọ́ wọn. Mo fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ó gbẹ bí eegun. Ara mi gbọ̀n. Ẹ fi ẹ́ńjìnnì náà dúró gbọnrangandan, ẹ rọ ọ́ìlì 10W-30 tí wọ́n ṣe fún fọ́-sítúróòkù orí omi, ẹ ní sùúrù kó balẹ̀, kí ẹ tó tún fa ọ̀pá yọ. Bó bá dagun, irọ́ ni ọ̀pá náà ń pa.

Tí ẹ bá ń gbé e kọ́ ìdí bọ́ọ̀tù, ẹ wo irin pẹlẹbẹ tó wà lókè pùròpẹ́là. Òun àti ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀tù ló yẹ kó ṣe déédéé. Bó bá ga jù, pùròpẹ́là á máa gbá afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì á máa ké lásán.

Ẹ má tan án lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kódà fún ìṣẹ́jú kan. Rọ́bà tó ń fa omi sókè láti mú ẹ́ńjìnnì tutù á jóná. Bó bá ti wà nínú omi, ó gbọ́dọ̀ máa tọ̀: omi tín-ín-rín á máa tú jáde lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìtọ̀ náà bá dá, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ọṣíbàtà tàbí láílọ́ọ̀nù píọ́ wọ́tà ló sábà máa ń dí i.

Ó wá ku wákàtí mẹ́wàá àkọ́kọ́, tí a fi ń tọ́ irin tuntun inú rẹ̀ kí wọ́n mọ ara wọn. Ní wákàtí kìíní, ẹ má jẹ́ kí géèjì tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan kọjá 2000. Ní wákàtí kejì, kó má ju 3000 lọ. Nínú mẹ́jọ tó kù, ẹ lè fún un níná bó ṣe wù yín, àmọ́ ẹ má fún un tán ju ìṣẹ́jú 5 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ máa gbé e sókè, kí ẹ máa dá a padà. Oníbàárà mi ní òun ò ra 70 họ́ọ̀sì láti máa rìn bí ìgbín. Mo ní kó fara dà á.

Bẹntiróò inú kẹ́ẹ̀gì wa ò mọ́, ìyẹn sì ń bà mí lẹ́rù ju ohunkóhun lọ. Ẹ́ńjìnnì yìí ò ní kábúrétọ̀ tí ẹ máa tú kí ẹ fi ẹnu fẹ́. Kọ̀ǹpútà ló ń bá a wọn epo. Kí ẹ tó ra ìbòrí tàbí ìjókòó olówó ńlá, ẹ ra fílítà tó ń ya omi sọ́tọ̀, kí ẹ fi sáàárín táǹkì àti ẹ́ńjìnnì.

Lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá, ẹ di ẹrù tí ẹ máa ń dì, ẹ fún un níná tán, kí ẹ wo géèjì. Láàárín 5300 sí 6300 ló yẹ kó wà. Tiwa ò kọjá 5000. Pùròpẹ́là 15 íǹṣì ló wà nídìí rẹ̀ (kì í ṣe fífẹ̀ rẹ̀ o, ibi tó yẹ kó rìn dé síwájú bó bá yí lẹ́ẹ̀kan ni), ó ń gbá omi ju agbára rẹ̀ lọ. Íǹṣì kan tí ẹ bá dín máa ń fi bí 150 sí 200 kún un, nítorí náà mo fi 13 sí i. Ó dé 5400. Ọkùnrin yẹn ò tún sọ̀rọ̀ ìgbín mọ́.

Ní 20 wákàtí, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti ti gíà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di 100 wákàtí 100 wákàtí. Ẹ wo ọ́ìlì gíà tó bá ṣàn jáde dáadáa. Bó bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ti wọ ibẹ̀. Ẹ má tan án mọ́ títí ẹ ó fi pààrọ̀ síìlì rẹ̀.