Omi Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Ṣírò: Ìmúrasílẹ̀ fún Gígun Àpáta ní Indian Creek

Ẹni tó bá fẹ́ lọ pàgọ́ kó sì gun àpáta ní Indian Creek, ní apá gúúsù ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, kó fi ọ̀rọ̀ okùn sílẹ̀ ná. Omi ni kó kọ́kọ́ ṣírò. Aṣálẹ̀ ni ibẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ omi kankan láwọn ibùdó àgọ́, màlúù sì ń jẹko káàkiri etí odò kékeré tí wọ́n fi sọ àfonífojì náà lórúkọ, nítorí náà ẹ má gbójú lé e fún mímu. Síbẹ̀, tí òjò bá rọ̀, ẹ ò ní lè gun àpáta ọ̀hún rárá.

Ìgbà tó dáa jù ni Oṣù Kẹta sí ìdajì Oṣù Karùn-ún, tàbí ìparí Oṣù Kẹsàn-án sí ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kọkànlá. Ọ̀sán á tuni lára, àmọ́ omi lè di yìnyín lóru, torí náà aṣọ òtútù kì í ṣe àṣejù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ooru á ti pọ̀ jù. Láti nǹkan bí Oṣù Kẹta, àwọn ẹyẹ àṣá máa ń yé ẹyin sára àwọn ògiri àpáta kan, BLM, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ilẹ̀ náà, á sì ní kí àwọn agunpáta yẹra fún wọn. Ẹ wo orúkọ àwọn ògiri náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn kí ẹ tó kúrò nílé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò omi. Lítà 6 fún ẹnì kan lójúmọ́: 4 fún mímu, 2 fún oúnjẹ àti abọ́ fífọ̀. Ènìyàn méjì fún ọjọ́ 5 jẹ́ lítà 60, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 20 mẹ́ta. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò ńlá kan ṣoṣo, torí bí ó bá jò lójú ọ̀nà, ó parí nìyẹn. Ìlú Moab tàbí Monticello ni kí ẹ ti pọn ọ́n. Lálẹ́, ẹ gbé ìgò kan wọnú àgọ́, kí ẹ má bàa jí bá kẹ́ẹ̀gì tí ẹnu rẹ̀ ti dì pa. Ẹ gbé gáàsì ìdáná náà sún mọ́ra, torí òtútù máa ń mú kí iná rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbé gáàsì yìí wọ ọkọ̀ òfuurufú, Moab ni kí ẹ ti rà á. Ẹni tó bá fẹ́ gbé gaàrí lọ kò ṣìnà, kò wúwo, kò sì fẹ́ iná, ṣùgbọ́n kó ka omi tí yóò fi rẹ ẹ́ mọ́ ìṣirò.

Láti Salt Lake City dé Moab tó wákàtí mẹ́rin. Ẹ rọ epo kún táńkì ní Moab, kí ẹ gba títì 191 lọ sí gúúsù fún nǹkan bíi kìlómítà 64, títí ẹ ó fi rí Church Rock, àpáta roboto kan tó dá dúró. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti yà sí ọ̀tún sórí títì 211. Tó bá tó kìlómítà 19, ẹ ó kan Newspaper Rock, níbi tí àwọn ará àtijọ́ ti gbẹ́ àwòrán sára òkúta. Ẹ wò ó, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ má retí nẹ́tíwọ́ọ̀kì láfonífojì náà, nítorí náà ẹ ti gba máàpù sórí fóònù sílẹ̀, kí ẹ sì sọ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ ó padà fún ẹnì kan nílé.

Àwọn ibùdó àgọ́ Creek Pasture, Superbowl àti Hamburger Rock ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ààyè, torí náà Ọjọ́rú sàn ju ọjọ́ Ẹtì lọ. Ẹ má pàgọ́ sínú ipa odò gbígbẹ, bó ti wù kí iyanrìn ibẹ̀ tẹ́ tó. Òjò tó rọ̀ lọ́nà jíjìn lè ya dé bá yín lábẹ́ ọ̀run tó mọ́ kedere. Èèkàn àgọ́ kì í mú iyanrìn. Ẹ di iyanrìn sínú àpò, ẹ so okùn àgọ́ mọ́ ọn, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀.

Pàlàpálá gbọọrọ tó là láti ìsàlẹ̀ dé òkè ni àwọn èèyàn ń gùn níbẹ̀. Ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kí àtàǹpàkò wà lókè, kí ẹ wá ká àtàǹpàkò náà sínú àtẹ́lẹwọ́. Ọwọ́ á wú, á sì há. Téèpù tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 4 ni kí ẹ fi wé ẹ̀yìn ọwọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀jẹ̀ ni. Nítorí pé pàlàpálá kan náà kì í yí ìwọ̀n padà, cam (irin tí à ń kì bọ inú pàlàpálá, tó máa ń là há síbẹ̀ kí ó lè di okùn mú) oríṣiríṣi ìwọ̀n kò wúlò tó cam ìwọ̀n kan lọ́pọ̀. Supercrack, pàlàpálá kan níbẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ gùn ní 1976, ń jẹ cam nọ́ńbà 3 (èyí tó ń bá ihò sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8 mu) bí ẹni jẹ ẹ̀pà. Agbo àwọn agunpáta máa ń kó ti ara wọn pọ̀ kí ó lè tó. Cam tí ẹ bá jẹ́ kó là tán lè yí kúrò nípò, èyí tí ẹ bá sì fún jù á há síbẹ̀, kò ní yọ mọ́. Ìdajì fífún ni kí ẹ máa wá. Okùn mítà 70 ni kí ẹ mú lọ, kí ẹ sì ta ìdí rẹ̀ ní kókó gbogbo ìgbà, torí ẹni tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lè já bọ́ tí okùn bá tán lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú. Àṣíborí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán, òkúta máa ń já. Ẹni tí kò tíì gun pàlàpálá rí, kó háyà afinimọ̀nà.

Nísinsìnyí, òjò. Òkúta Ìdànrè, tí òjò bá pa á, yíyọ̀ ló máa yọ̀, okun rẹ̀ ò dín. Òkúta iyanrìn ti Indian Creek kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó so iyanrìn rẹ̀ pọ̀ á rọ̀, ibi tí ẹ dì mú lè fọ́, cam sì lè fa ẹnu pàlàpálá ya bọ́. Ìpàlára náà kò ní san fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ dúró ó kéré tán wákàtí 24, nígbà mìíràn 72. Ẹ fi ìka gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ àpáta. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù, bí òkè rẹ̀ tilẹ̀ gbẹ, ẹ má gùn ún.

Ẹ máa rìn lójú ọ̀nà tàbí lórí òkúta. Èèpá dúdú tó bo ilẹ̀ ibẹ̀ ní ẹ̀mí, òun ló di iyanrìn mú, ibi tí ẹsẹ̀ bá sì tẹ̀ fọ́ lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó padà bọ̀ sípò. Níbi tí kò bá sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, inú àpò pàtàkì tó ní èròjà afámi ni kí ẹ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sí, kí ẹ sì gbé e padà sí ìlú.

Bí ojú ọ̀run bá ṣú nígbà tí ọkọ̀ yín wà lórí ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà, ẹ gbé e bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó bọ́. Amọ̀ ibẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ táyà títí táyà ò fi ní yí mọ́.