Lẹ́ǹsì àti Tìróò: Bí Lẹ́ǹsì Ojú Ṣe Lè Mọ́ Tónítóní

Lẹ́ǹsì, ìyẹn ohun tẹ́ẹ́rẹ́ bíi dígí tí wọ́n ń fi lé orí ẹyinjú, ló ń kọ́kọ́ wọlé ṣáájú àtíkè àti tìróò, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde. Ẹni tó bá ti kun àtíkè, tó ti lé tìróò, kó tó fi lẹ́ǹsì sójú, ọ̀rá àti ìyẹ̀fun ti wà ní ìka rẹ̀, ara lẹ́ǹsì ni wọ́n sì máa lẹ̀ mọ́. Ọ̀rá yìí kì í tètè ṣí. Onítọ̀hún á rò pé ojú òun ló ń ṣe bàìbàì, lẹ́ǹsì ló dọ̀tí.

Bó o bá máa fín lọ́fínńdà tàbí ohun ìfínrun, fín in tán ná. Lẹ́yìn náà, fi ọṣẹ tí kò ní ìpara nínú fọ ọwọ́, kó o sì fi aṣọ tí kì í já fọ́nrán nù ún gbẹ. Ọwọ́ tútù kò dáa: omi ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ kan lẹ́ǹsì rárá. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ Acanthamoeba lè wà nínú omi, àrùn tó ń fà sì lè ba ìríran jẹ́.

Tìróò ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Wo etí ìpéǹpéjú rẹ dáadáa nínú dígí: àwọn ihò tíntìntín kan tò lẹ́yìn irun ibẹ̀, níhà ẹyinjú. Ibẹ̀ ni ọ̀rá tí kì í jẹ́ kí omijé tètè gbẹ ti ń jáde. Bí tìróò bá dí wọn, ojú á gbẹ, lẹ́ǹsì á máa há a; èyí tó bá sì yọ́ nínú tìróò náà á bá omijé wọ orí lẹ́ǹsì. Torí náà, ẹ̀yìn òde irun ni kó o lé e sí, má kọjá sínú.

Àtíkè ojú ńkọ́? Gbọn búrọ́ọ̀ṣì kó o tó gbé e sójú, kó o sì dijú. Ti màsíkárà tí wọ́n fi ń kun irun ìpéǹpéjú, àárín irun ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ lọ sí ṣóńṣó rẹ̀, má fi kan ìdí. Má ra oní-fọ́nrán tó ń mú irun gùn, torí àwọn fọ́nrán náà máa ń já bọ́ sínú ojú. Èyí tí omi lè ṣí dáa ju èyí tó jẹ́ pé epo nìkan ló ń ṣí i lọ. Bó bá pé oṣù 3, dà á nù. Bó bá sì gbẹ ṣáájú ìgbà yẹn, má ṣe bu omi tàbí itọ́ sí i, má sì yá ẹnikẹ́ni lò.

Lálẹ́, tún ọwọ́ fọ̀, yọ lẹ́ǹsì kó o tó fọwọ́ kan òwú ìnujú. Gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, da omi ìfọlẹ́ǹsì tí wọ́n ń tà nínú ìgò sí i, kó o sì fi ìka ra ojú rẹ̀ méjèèjì jẹ́jẹ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 20, kódà bí wọ́n bá kọ ọ́ sára ìgò pé kò pọn dandan kéèyàn fi ìka ra á. Fi omi ìfọlẹ́ǹsì ṣan án, fi sínú ike rẹ̀ tí omi ìfọlẹ́ǹsì tuntun wà; má bu tuntun lé àlòkù. Láàárọ̀, da omi inú ike nù, fi omi ìfọlẹ́ǹsì ṣan án, nù ún, dojú rẹ̀ délẹ̀ kó gbẹ. Oṣù 3 náà ni kó o pààrọ̀ ike. Lẹ́ǹsì ọlọ́jọ́ kan, jíjù nù ni.

Bí ojú bá pọ́n, tó ń dunni, tí kò lè wo ìmọ́lẹ̀ tàbí tó ń ṣepin, yọ lẹ́ǹsì lójú ẹsẹ̀, má dá a padà. Lọ rí dókítà ojú lọ́jọ́ náà gan-an, mú lẹ́ǹsì àti ike rẹ̀ dání, kó o sì da màsíkárà àti tìróò tó o ń lò lọ́wọ́ nù.