Gẹ̀ẹ́sì tó ń dà wá láàmú: ìbéèrè yín àti ìdáhùn mi

Mo ti dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí títí ẹnu fi fẹ́ bó. Mo wá kọ wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó bá tún dá mi dúró lọ́nà ọjà, ibí ni màá ní kó wá kà.

Tíṣà, "I did not went" ni mo kọ, wọ́n fi pupa fà á. Ṣebí ọ̀rọ̀ àná ni?
"Did" ti gbé àná dání. "I did not go." Ó parí.

Mo máa ń pe ìyá mi ní "he" nínú ìwé.
"Ó" kan náà la fi ń pe tọkùnrin tobìnrin, ìyẹn ló fà á. Tí ẹ bá kọ̀wé tán, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí èyí nìkan.

"My father said they are coming." Bàbá mi nìkan ló ń bọ̀. Ṣé kì í ṣe àrífín tí mo bá kọ "he"?
Rárá o. "They" yìí á jẹ́ kí wọ́n máa wá àlejò méjì. Àkàrígbò Rẹ́mọ fúnra wọn, tí ẹ bá ń ròyìn wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, "he" ni.

"I am knowing him" ńkọ́?
"I know him." Bẹ́ẹ̀ náà ni "believe" àti "own".

"The price of the bags of garri are high." Fóònù mi ò fa ìlà sí i. Kí ló burú níbẹ̀?
Háà. Èyí gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nídìí iṣẹ́. "Ọmọ náà lọ", "àwọn ọmọ náà lọ": ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa ò mọ̀ bóyá èèyàn kan ló lọ tàbí ogún. Ti Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ ọ́n, ó sì ń bínú tí a bá ṣì í.

Ọmọbìnrin kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó ń múra WAEC lọ́dọ̀ mi. Mo ní kó kọ àròkọ lórí Ojúde Ọba, bí àwọn rẹ́gbẹ́-rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí kan náà, ṣe ń jáde ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ó kọ ọ́ dáadáa, ó kù díẹ̀ kí n pàtẹ́wọ́, àfi bí mo ṣe rí "The beauty of the horses make people shout" àti "Each of the age groups wear its own cloth". Mo ṣàlàyé. Ó ka òfin náà fún mi láìṣì. Mo fún un ní iṣẹ́ "he goes, they go", gbogbo rẹ̀ ló gbà. Àròkọ tó tẹ̀ lé e, "make" tún padà wá!

Ìgbà yẹn ló yé mi pé ọmọ yìí mọ òfin. Ẹni tó ni gbólóhùn ni kò dá mọ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ tó sún mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe jù ló ń gbọ́ létí. Mo ní kó fi ìka bo ohun gbogbo láti "of" títí dé ẹnu ọ̀rọ̀-ìṣe. Kí ló kù? "The beauty… makes." "Each… wears." Ó bú sẹ́rìn-ín.

Inú mi dùn, àfi ìgbà tó gbé "Most of the horses is" dé. Ó ti bo "horses" mọ́lẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ! A tún jókòó. Ẹ gbọ́ o: "some", "most", "all" àti "half", ẹ ṣí ìka yín, ohun tó wà lẹ́yìn "of" ni kí ẹ wò. "Most of the rice is", "most of the horses are". "A number of people have", àmọ́ "the number of people has". Èyí tó gbẹ̀yìn yìí, ẹ há a sórí, ẹ má bá mi jiyàn.

Ti garri yín náà, ẹ bo "of the bags of garri". "The price… is high."

Ṣé kí n máa gbọ́ràn sí ohun tí fóònù bá fa ìlà sí lábẹ́?
Ẹ wò ó, ẹ má gbà á gbọ́ tán. Ẹ ti rí ohun tó ṣe sí garri.

Lẹ́tà ìwáṣẹ́ ni. Ṣé kí n gbé e fún atẹ̀wé kó bá mi tún un ṣe?
Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó tẹ ohun tí ẹ gbé fún un. Mo ti rí "I humbly wish to apply humbly" tó ti ọ̀dọ̀ atẹ̀wé jáde. Ẹ kọ́kọ́ fi ìka yín ṣiṣẹ́. Tó bá ṣì rú yín lójú, ẹ wá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ilé-ìwé girama tó wà ládùúgbò yín, kí ẹ sì fún un lówó. Tó bá jẹ mọ́ ilẹ̀ tàbí ẹjọ́, ọ̀dọ̀ lọ́yà ni kí ẹ gbé e lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi. Lẹ́tà yòówù kó jẹ́, ẹ má dúró di alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọn ó gbà á kí ẹ tó gbé e wá.